Òpó Òkúta Èbúté Arómi

Ìlú Arómi kò tíì rí irú ewu tó dé bá a ní òwúrọ̀ tí àwọn Pọtogí ri òpó òkúta mọ́ èbúté rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ẹnu àgbá ọkọ̀ wọn sí ilé onílé. Ní etí ọ̀sà, ẹni tó bá ri òpó ló ni ibi tó ri í sí. Èèwọ̀ ni kí ẹlòmíràn fà á tu. Bí èbúté bá sì bọ́, ìlú bọ́ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé àáké. Orímisan ọmọ Asọ́kun, awakọ̀ má tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjì, ẹja ńlá tí àwọ̀n ń sá fún, ló dá wọn dúró. “Àwọn baba wa kò fa òpó olópòó tu rí,” ó ní, “a kò sì ní tìtorí àlejò di arúfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ri òpó ló ń bọ́ ẹni tó bá so ọkọ̀ mọ́ ọn. Àlejò yìí ti gba ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kó gba ẹrù tó bá a rìn.”

Òun nìkan ló wakọ̀ lọ sábẹ́ ẹnu àgbá. Kò mọ̀ bóyá àlejò yóò ka okùn rẹ̀ sí òfin tàbí sí àfojúdi. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó náà, ṣùgbọ́n ìdè àkọ́kọ́ tú. Ó tún un so, ó sì jókòó.

“Kí lò ń dúró dè?” Dọmíńgò, ọ̀gá ọkọ̀, gba ẹnu ògbufọ̀ béèrè.

“Oúnjẹ àárọ̀ ni. Òpó yín ni mo so mọ́.”

Ògbufọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó ṣàlàyé àṣà náà: ẹni tó bá lé àlejò kúrò nídìí òpó rẹ̀ ti pàdánù òpó náà. Dọmíńgò náà rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní búrẹ́dì. Nígbà náà ni Orímisan na àjẹ̀ rẹ̀ sókè, gbogbo ọkọ̀ Arómi sì tú jáde, tọmọdé tàgbà.

“Búrẹ́dì yìí le ju eyín mi lọ,” ni ìyá arúgbó kan wí. “Ẹ bá mi fi ọtí rẹ ẹ́.”

Wọ́n jẹ, wọ́n tún padà wá jẹ, títí àgbá oúnjẹ inú ọkọ̀ fi ń dún gbọ̀ngán. Dọmíńgò kò lè yìnbọn pa àwọn tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa ra omi mímu lọ́wọ́ wọn. Níkẹyìn, ó béèrè bí òun ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹrù yìí.

“Ẹ fi òpó náà fún wa,” Orímisan dáhùn. “Nígbà náà, àwa ni a óò máa bọ́ yín.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹja Arómi ni Dọmíńgò jẹ, ó sì jẹ ẹ́ yó.

Bóyá ẹ̀tù ìbọn wà nínú àgbá tí wọ́n kọ sí ìlú, bóyá kò sí, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà? Orímisan pẹ̀lú kò mọ̀ nígbà tó ń so okùn. Òpó náà ṣì wà létí omi títí dòní. Àwọn àlejò ń wá ya àwòrán orúkọ Dọmíńgò tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, wọ́n ní òun ló ṣàwárí Arómi. Àwọn ọmọ Arómi kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́jà kankan, ọba ìlú náà, kì í dé adé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dáná nídìí òpó, kó sì bọ́ gbogbo ẹni tó bá so ọkọ̀ mọ́ ọn, àlejò ṣáájú onílé. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń jẹ orúkọ náà lọ díẹ̀díẹ̀; ojú okùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i lọ́dọọdún.