Yúnyùn Ọgbà Ọmọ́yẹni

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tó ń retí àyúnbọ̀ kì í hú yúnyùn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ hú u, àti ohun tó ń retí?

Láyé ọjọ́un, àwọn obìnrin abúlé Elépo-Òkè jọ ń dá ọgbà elégédé kan lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Ọmọ́yẹni ni olórí wọn, obìnrin tí kì í fẹ́ rí koríko sójú. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kúrò nílé ọkọ, ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló fi yúnyùn olódòdó rúsúrúsú yí ọgbà náà ká, tí oyin àti labalábá fi ń rọ́ wá síbẹ̀ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́yẹni gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú yúnyùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ fi í sílẹ̀. Òun ló ń pe oyin wá sídìí elégédé yín."

"Dálémoṣú tó ń sin koríko! Ká ní o sin ọkọ rẹ báyìí, ṣé ìwọ ì bá wà níbí?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró ti lọ.

Ọmọ́yẹni hú yúnyùn náà tán, oyin sì bá a lọ. Elégédé yọ òdòdó, òdòdó rọ, kò so. Ọdún kejì, bákan náà ni. Elégédé kọ́ ló ń dun Ọmọ́yẹni o. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń wá kiri nínú ọgbà tó mọ́ tónítóní yẹn, àárò sì sọ ọ́ dẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Níkẹyìn, ó lọ sétí odò, ó hú yúnyùn wá, ó ń gbìn ín. Àwọn obìnrin yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀tá koríko ti di olóko koríko. Ìgbà tí wọ́n rí omijé lójú rẹ̀, wọ́n bá a gbìn ín.

Oyin padà, elégédé so. Ọmọ́yẹni gbé àkọ́so sápá kan, ó ní ti ọmọ òun ni, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin kan tó fi ìborùn bojú dúró lẹ́bàá ọgbà.

"Ìyá mi, ta ló gbin yúnyùn yìí?"

"Èmi ni, Àwẹ̀ró. Èmi náà ni mo hú u."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń bojú kọjá níbí. Tí mo bá ti rí i pé ilẹ̀ ọgbà yín ṣófo, mo máa ń sọ fún ara mi pé, ìyá mi ò tíì fẹ́ rí mi."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó ń ṣàárò èèyàn tó bínú lọ, síbẹ̀ tí kò yé sọ̀kò ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, tàbí tó ti kó ẹrù rẹ̀ dà síta. Bí onítọ̀hún bá yọjú lọ́nà, kí ni yóò rí tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ń retí òun? Ẹni tó ń retí àyúnbọ̀ kì í hú yúnyùn.