Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Tó Ń Tòògbé

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ bi Ọnàyẹmí gbẹ́nàgbẹ́nà wò.

Ìyá oníyọ̀ kan ló máa ń tòògbé nídìí ọjà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọnàyẹmí pè é títí, kò dáhùn, inú sì bí i. Nígbà tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí dé, ó gbẹ́ ère obìnrin tó ń tòògbé, tó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ó ní, "Ẹ̀rín á pa ọjà!"

Ẹ sì mọ̀ pé aṣọ obìnrin ni ọkùnrin tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń yá wọ̀. Bí oníjó ṣe gbé ère náà bọ́ sójú agbo, ariwo ta: "Ìyá Ọnàyẹmí rèé!" Àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ láró ni oníjó yá ró, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọnàyẹmí sáré dọ̀bálẹ̀. "Ìyá mi, ẹ̀yin kọ́ ni mo gbẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. "Èmi mà ni. Ọdún tí ibà ń ṣe ọ́, tí mo ń pọ̀n ọ́ mọ́jú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń tòògbé lọ́jà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi nìkan lo gbàgbé láti gbẹ́."

Lọ́dún kejì, ère obìnrin tó ń tòògbé tún jáde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ìyá oníyọ̀ ni oníjó ró. Ọnàyẹmí fúnra rẹ̀ ló lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ rẹ̀.