Ẹ̀rọ Omi Ọ̀nárébù Ládiméjì

Títí dòní, ẹnu ṣì ń ya àwọn ará Odò-Ìyá. Mojírọ́lá onídìrí kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé omi ò jáde rí lẹ́nu ẹ̀rọ tí Ọ̀nárébù Ládiméjì, aṣòfin wọn, ṣe fún ìlú. Ni Ọ̀nárébù bá kó ọlọ́pàá dé, ó ní kí Mojírọ́lá dúró ti ẹ̀rọ náà, kó tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtìmọ́lé ló ń lọ. Mojírọ́lá ní, “Mo ti gbọ́, sà.” Ó gbé fóònù kọ́ ẹ̀ka igi, ó tan fídíò kí tilé-toko lè máa wò wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. “Ẹ dárí jì mí, sà, omi ń yọ. Àmọ́ ẹ mọ àṣà wa, ẹni tó bá fún àlejò lómi ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń wò wá. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ife sí i. Ọ̀nárébù wo ife, ó wo fóònù, ó di ẹnu ẹ̀rọ mú, ó yí i. Ẹnu ẹ̀rọ já sí i lọ́wọ́. Kò sí páìpù kankan lẹ́yìn rẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mojírọ́lá ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, sà, àwọn ará Kánádà ò rí i dáadáa.”