Títì Àbújá

Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa kì í ra ọta fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. "Iṣẹ́ Àbújá ni ààbò," ló máa ń wí, síbẹ̀ ó pàṣẹ fún olórí wọn, Ọdẹ́tókun: "Sìn mí kọjá igbó ajínigbé yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́!" Ọdẹ́tókun ní ó dáa, ó gun ọ̀kadà ṣáájú ọkọ̀ Alága. Àárín igbó gan-an, níbi tí ọ̀nà erùpẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti já sí títì ọlọ́dà ìjọba àpapọ̀, ló ti dúró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ó dàbọ̀ o, sà. Títì Àbújá rèé. Kí Àbújá máa sìn yín lọ." Háà! Alága wo igbó, igbó wo Alága. Ó bọ́ fìlà: "Bàbá mi, ẹ má lọ! Irú ọta wo lẹ ń lò?"