Ẹyin Òjòlá Tó Ń Tọ́jú Oòrùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó tẹ́ ẹní, ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú bí ooru ti mú lónìí. Èmi Ọdẹ́wùnmí ará Òkè-Ìyeyè, ìlú tí òkúta rẹ̀ pọ̀ ju ìpẹ́ ẹja lọ, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. N kò kàwé kọjá ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìbọn í yìn, mo sì mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu lórí ewé gbígbẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, Àdùfẹ́, bí ọmọ oṣù méje, ọmọ tí kò tóbi ju àdàbà lọ. Nọ́ọ̀sì ní ká tan gílóòbù sí i lára tọ̀sán-tòru, pé bí òtútù bá mú un, ó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Sólà wà lórí òrùlé mi, àmọ́ bátìrì mi ti gbó, kì í bá mi dé ìdájí. Lódìkejì ọ̀nà, sólà bo òrùlé Láòṣebíkan bí ìpẹ́ ti í bo akika. Bátìrì rẹ̀ á ti kún kó tó di ọ̀sán, oòrùn tó kù á wá máa ṣòfò bí omi òjò tí kò rí ìkòkò. Mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ìyá Ọdẹ, ẹ ṣáà yìnbọn lu oòrùn kó já bọ́ sí ọgbà yín! Oníkálukú ló ń sùn nínú ilé ara rẹ̀."

Mo ní, "Láòṣebíkan, ọmọ ọdẹ ni ọ́. Bàbá rẹ kì í kúrò nínú ahéré láìfi igi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọgbó lọ wá ohun tí iná rẹ̀ kì í kú. Mo rìn títí mo fi bá ahéré kan tí n kò rí rí, igi gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Mo dáná, mo sun iṣu, mo jẹ. Kí n tó jáde, mo ṣẹ́ igi mìíràn, mo tò ó sẹ́bàá ààrò, torí òfin àwa ọdẹ ni: ẹni tí òjò pa ń bọ̀ lẹ́yìn. Àṣé ìtì igi tí mo fẹ̀yìn tì láti àárọ̀, òjòlá ni! Ó lajú, ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́." Mo ní, "Ẹ kú ilé o." Kí ni ǹ bá tún wí? Ẹni bá onílé nílé ló ń kí i.

Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ló ti jó igi mi tán tí wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí lẹ ń wá?"

Mo sọ fún un. Abiyamọ ni òun náà. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ahéré, níbi tí aláǹgbá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹtu ti ń yá oòrùn lórí àpáta, tí wọ́n sì ń wá fara ti ẹyin ńlá kan, kí oòrùn ara wọn lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí òtútù dé, ọmọ ẹranko tó bá ń gbọ̀n á wá yáná níbẹ̀.

Òjòlá ní, "Ẹ gbé ìkejì rẹ̀ yìí. Bátìrì gbogbo àdúgbò ni. Bí ẹnì kan bá tì í mọ́ yàrá, ó di òkúta."

Mo pọ̀n ọ́n wálé bí ọmọ. A gbé e sábẹ́ igi ìyeyè láàrin àdúgbò, a kọ́ ahéré kékeré bò ó, oníkálukú sì fa wáyà láti òrùlé tirẹ̀ wá síbẹ̀, àfi Láòṣebíkan, tó dúró lójú fèrèsé tó ń jẹ àgbàdo sísun.

Ìkùukùu bo ọ̀run lọ́jọ́ náà, ẹyin kò kún. Nígbà tí oòrùn wọ̀, gílóòbù ọmọ, tí a ti so mọ́ ẹyin nínú ahéré náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èso ìyeyè. Àdùfẹ́ gbé ọmọ lé àyà, ó ní, "Màmá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù."

Ìgbà náà la gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Láòṣebíkan ni, ó ká wáyà lé èjìká bí ìdì igi, ìdí wáyà náà ti wà lára bátìrì rẹ̀ nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ahéré bí ọdẹ ti í bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọdẹ, mo gbé igi wá."

Ẹyin tàn, gílóòbù mọ́ yòò, ọmọ sín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igi kan kì í dá igbó ṣe, òrùlé kan kì í dá oòrùn mu tán. Ẹ máa fi igi sílẹ̀ nínú ahéré. Ó dàárọ̀ o, ilé á gbà wá. Àmọ́ ẹ rọra dìde, ọmọ Àdùfẹ́ ti sùn lọ lórí itan Láòṣebíkan níbí yìí.