Ìdí Tí Ojú Kámẹ́rà Onímọ̀ Fi Ń Gbé Inú Òtútù

Nígbà láéláé, inú ilé tó móoru ni ojú kámẹ́rà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń fi òtútù yí i ká. Kò sẹ́ni tó ń dé e lójú kó tó ṣiṣẹ́.

Ojú yìí, ìlú ni. Ìkòkò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ebè oko. Bí Ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, á kán sínú wọn, tó, tó, tó. Ìkòkò tó wà níbi tó mọ́lẹ̀ á gba ẹ̀kán púpọ̀. Èyí tó wà ní òkùnkùn, òfo ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa gbé e lé ara wọn lọ́wọ́, ti oníkálukú lọ́tọ̀, títí á fi dé ọ̀dọ̀ Òǹkà, àgbàlagbà tó jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà. Iye tí Òǹkà bá kà ló fi ń ya àwòrán.

Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá wọn. Bí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá fún ọ, o kò gbọdọ̀ dá àwo rẹ̀ padà lófìfo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn ìkòkò yìí. Ẹ̀kọ́ ilé dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń lò ó.

Ìkòkò Igun wà lápá òsì pátápátá, níbi tí Ìmọ́lẹ̀ kì í sábà dé.

"Igun, òfo lo tún gbé wá?" Àwọn ìkòkò yòókù á bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ìdí rẹ ló jò?"

Ooru, àlejò tó ń sùn nílé wọn, gbọ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, má bọkàn jẹ́. Èmi náà ní ẹ̀kán tèmi. Òun àti ti Ìmọ́lẹ̀ jọra bí ìbejì. Òǹkà gan-an kò lè dá a mọ̀."

Ìkòkò Igun gbà á, ó sì ń bu púpọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn yòókù náà ń tọrọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Tanátaná, kòkòrò tó ń gbé iná sídìí, sáré wọlé.

"Bàbá Òǹkà, ẹ gbà mí! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ti já sínú ihò àpáta. Iná rẹ̀ ń kú lọ, ojú mi kò rí i mọ́. Ihò náà sì ya sí méjì!"

Wọ́n gbé ojú náà dé ẹnu ihò. Ẹ̀kán mẹ́ta péré ni iná ọmọ náà lè rán wá, apá ọ̀tún ló sì kán sí, àwọn ìkòkò ibẹ̀ sì ti tọrọ mẹ́ta kún un lọ́wọ́ Ooru. Òǹkà kà.

"Apá ọ̀tún, mẹ́fà. Ìkòkò Igun lápá òsì, ogún! Ìyá, òsì ni kí o gbà."

Ìkòkò Igun la ẹnu. Ó wo ojú àwọn ará ìlà rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ìyá Tanátaná gba òsì dé òpin. Òkúta àti ìgbẹ́ àdán ló bá. Kó tó padà dé apá ọ̀tún, iná ọmọ ti kú. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó gbé e wá síwájú Òǹkà. "Bàbá, ta ló tan iná sápá òsì?"

Ìkòkò Igun ní, "Èmi ni, Ìyá. Ojú ń tì mí láti gbé òfìfo wá."

"Òfìfo rẹ ni ì bá gba ọmọ mi là."

Ó gbé òkú ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Òǹkà lé Ooru jáde, ó sì fi Òtútù ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ooru kì í lọ tán. Ó ń gba inú ihò abẹ́rẹ́ wọlé. Òǹkà wá pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ dé ojú náà pa, kí oníkálukú gbé ohun tó ní nínú òkùnkùn wá. Ó ní irọ́ Ooru ni yẹn. Òun á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n bá gbé wá lẹ́yìn náà.

Láti ọjọ́ náà ni ojú kámẹ́rà onímọ̀ ti ń gbé inú òtútù, tó sì ń kọ́kọ́ ya òkùnkùn kó tó ya ohunkóhun. Bí ẹ bá sì rí àmì funfun kan nínú àwòrán òkùnkùn náà, ìkòkò kan ló wà níbẹ̀ tí ojú ṣì ń tì láti gbé òfìfo wá.