Kòtò Oúnjẹ Àwọn Àgùntàn

Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú yín tó gbé nǹkan pamọ́ tí ọwọ́ kì í yún láti ṣí i wò? Ti Ìyá Fẹ́hìntọ́lá ló pọ̀ jù.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, ebi pa mẹ́ta nínú àgùntàn rẹ̀ kú. Nítorí náà, lọ́dún yìí, òun àti ọkọ rẹ̀ gé àgbàdo tútù tigi-tewé-tọmọ, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kòtò méjì, wọ́n sì fi ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ó lè kan, kí ó sì di oúnjẹ àgùntàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Atẹ́gùn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ fún ogójì ọjọ́ o," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"N kò ní í fọwọ́ kàn án, mo ṣèlérí."

Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣí kòtò kìíní láti gbóòórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ṣí i fi han aládùúgbò. Ní ọjọ́ keje, ó ṣí i kí àdúrà lè ráyè wọlé.

"Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni, tí o fi ń ṣí i tọ́ wò?" ni ọkọ rẹ̀ pariwo.

"Ẹ má bínú, mo ní kí n mọ̀ bóyá ó ti jinná ni."

Nígbà tí oṣù kan pé, gbogbo ohun tó wà nínú kòtò kìíní ti bu funfun. Àgbò gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó kẹ̀yìn sí i. Kòtò kan péré ló kù, koríko sì ti gbẹ tán.

Ìyá gbé àpótí ka orí kòtò kejì, ó ń jókòó lé e lójoojúmọ́ bí adìyẹ tó sàba. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ọkọ rẹ̀ ní, "Ó yá, ṣí i."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí i, Baba Fẹ́hìntọ́lá. Mo ní n kò ní í fọwọ́ kàn án."